Gbígbé sáfà ilé láti Debian 12 sí Debian 13: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows, ni Debian. Ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni Debian 13 jáde, láti ìgbà náà sì ni àwọn ènìyàn ti ń bi mí ní àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣàgámù, Ìpẹru àti Àgọ́-Ìwòyè ni ọ̀pọ̀ wọn wà: ayàwòrán tó ń kó fọ́tò oníbàárà pamọ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, olùkọ́, àti àwọn ọmọ tó ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ sílé bàbá wọn kí gbogbo ẹbí lè máa rí fọ́tò àti fídíò níbì kan náà. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí àwọn Debian kọ dára púpọ̀, mo sì rọ̀ yín kí ẹ kà á. Àmọ́ ojú ẹni tí iná rẹ̀ kì í lọ, tí dátà rẹ̀ kì í tán, ni wọ́n fi kọ ọ́. Níbí, ọ̀rọ̀ iná àti ọ̀rọ̀ dátà la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yanjú, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí.

Kí ni ẹ ń pè ní sáfà ilé?

Kọ̀ǹpútà tó wà ní títàn nílé, tí fóònù àti kọ̀ǹpútà yòókù ń lọ bá láti gba fáìlì. Kò ní láti jẹ́ ẹ̀rọ olówó ńlá. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ojú rẹ̀ ti fọ́ lè ṣe iṣẹ́ náà, ó tilẹ̀ dára fún wa ju àwọn mìíràn lọ torí bátìrì inú rẹ̀.

Debian 12 mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí ló dé tí mo fi máa kúrò níbẹ̀?

Ẹnikẹ́ni kò lé yín. Debian 12, tí wọ́n ń pè ní bookworm, jáde ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2023. Ọdún mẹ́ta ni àwọn tó ń bójú tó ààbò Debian fi ń tọ́jú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní LTS á gbà á lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n á máa tọ́jú rẹ̀ títí di ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2028. Ti Debian 13, ìyẹn trixie, yóò dé oṣù kẹfà ọdún 2030.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ jù. Àkàbà tí a ń gùn ní ìpele ìpele ni Debian: ẹni tó wà lórí 11 kò lè fò dé 13, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé 12, kí ó lo ibẹ̀ dáadáa, kí ó tó gbéra. Ẹni tó bá jẹ́ kí ẹ̀dà méjì kọjá lórí òun ti sọ iṣẹ́ ọjọ́ kan di iṣẹ́ ọjọ́ méjì, dátà rẹ̀ sì di ìlọ́po méjì.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ẹ̀rọ mi lè gba 13?

Ẹ tẹ àṣẹ yìí:

dpkg --print-architecture

Tí ó bá dáhùn pé amd64 tàbí arm64, kò sí wàhálà. Tí ó bá ní i386, ìyẹn 32-bit, ẹ dúró ná. Debian 13 kò ní kernel (ọkàn ètò náà, tí wọ́n ń pè ní Linux) fún i386 mọ́, àwọn Debian fúnra wọn ló sì kìlọ̀ pé kí oní-i386 má ṣe gbé ẹ̀rọ rẹ̀ ga sí i. Mo ń tẹnu mọ́ èyí torí pé kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ pọ̀ lọ́wọ́ wa tó jẹ́ ẹ̀rọ 64-bit, àmọ́ tí ẹni tó tà á fi ẹ̀dà 32-bit sí i lórí. Ẹ tẹ lscpu, kí ẹ wo ìlà tó sọ pé "CPU op-mode(s)". Bí 64-bit bá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ yín dára, àfi kí ẹ fi amd64 sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí 32-bit nìkan bá ni, ẹ jẹ́ kí ó wà lórí 12, kí ẹ má sì ṣí i sílẹ̀ fún íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ wo /boot, ibi tí kernel ń gbé, pẹ̀lú, tí ó bá jẹ́ pé ó dá wà lórí ẹ̀rọ yín: df -h /boot. Ó kéré jù, kí ó tó 768 MB, kí àyè bíi 300 MB sì ṣófo nínú rẹ̀. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kernel tuntun lè má rí ibi jókòó sí.

Ẹ̀gbọ́n, dátà mélòó ló máa jẹ?

Ohun tó wà lórí ẹ̀rọ yín ló máa sọ. Sáfà tí kò ní désíkítọ́ọ̀pù, tó jẹ́ pé Samba (ètò tó ń pín fáìlì fún ẹ̀rọ yòókù) àti nǹkan díẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, lè má tó 1 GB. Èyí tó ní désíkítọ́ọ̀pù àti LibreOffice lè kọjá 2 GB. Ẹ má méfò: kí apt, àṣẹ tí Debian fi ń gba ètò, tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, ó máa kọ iye tó fẹ́ dáńlóòdù sójú yín, á wá bèèrè bóyá kí òun tẹ̀síwájú. Ẹ ka iye náà, kí ẹ tẹ n, kí ẹ lọ ra dátà tó máa tó o.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: ẹ pín iṣẹ́ náà sí méjì. Dáńlóòdù ní ọjọ́ tirẹ̀, ìfisórí ẹ̀rọ ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ ń bẹ Ọlọ́run pé kí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára ní wákàtí kan náà, ẹ sì mọ bí ìyẹn ṣe máa ń rí ní àdúgbò yín. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí ojú apt sí trixie (mo ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀), àṣẹ tí ẹ máa lò nìyí:

apt full-upgrade --download-only

Kò ní fọwọ́ kan ohunkóhun lórí ẹ̀rọ. Ó kàn máa kó àwọn páákéèjì (ètò tí a dì fún ìfisórí) jọ sínú /var/cache/apt/archives ni. Ẹ lè gbé e sílẹ̀ lóru pẹ̀lú dátà òru tó dínwó. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, tí iná bá lọ, tí dátà bá tán, kò sí ohun tó bàjẹ́: ẹ tún àṣẹ náà tẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé. Òru méjì tàbí mẹ́ta lè lọ sí i, kò burú. Ọjọ́ tí ẹ bá wá rí iná gidi, ìfisórí ẹ̀rọ kò ní nílò dátà kankan mọ́.

Ohun mẹ́ta kan wà tó lè ba ètò yìí jẹ́. Ẹ wo àyè dísíìkì pẹ̀lú df -h kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí páákéèjì tó wà nípamọ́ ń gba àyè, ìfisórí náà tún máa gba tirẹ̀. Ẹ má tẹ apt update láàárín ọjọ́ méjèèjì, nítorí bí àkọsílẹ̀ bá yí padà, apt lè ní kí ẹ tún dáńlóòdù àwọn kan. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí: Debian lè ṣe apt update fúnra rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ dá a dúró:

systemctl stop apt-daily.timer apt-daily-upgrade.timer

Tí ẹ bá pa ẹ̀rọ tí ẹ sì tún tàn án, ẹ tún àṣẹ yẹn tẹ̀, torí àwọn náà á ti jí.

Kọ̀ǹpútà mẹ́ta la ní nílé ìwé wa ní Ṣàgámù. Ṣé ẹ̀ẹ̀mẹta la máa ra dátà?

Rárá o. Páákéèjì kan wà tó ń jẹ́ apt-cacher-ng. Ẹ fi sórí ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ wá júwe rẹ̀ fún àwọn méjì yòókù, ojú ọ̀nà (port) 3142 ló máa ń jókòó sí. Ohun tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ bá ti dáńlóòdù, àwọn tó kù á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ilé, láìfi dátà jó. Mo fẹ́ràn ètò yìí débi pé mo máa ń sọ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ méjì péré pé kí ó ṣe é.

Iná ńkọ́?

Ẹ má fi ìgbéga bẹ̀rẹ̀ lórí iná ìjọba nìkan. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àbùkù sí ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí kò fẹ́ kí a dá òun dúró láàárín ni.

Ẹni tó ní ínfátà, ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Bátìrì 12V tó jẹ́ 100Ah ní 1,200 Wh nínú tó bá kún. Ká má lò ju ìdajì lọ, kí bátìrì lè pẹ́: ó ṣẹ́ku 600 Wh. Kọ̀ǹpútà kékeré tàbí alágbèéká ń jẹ nǹkan bíi 30 W, ráútà ń jẹ bíi 10 W. Àpapọ̀ 40 W á lò ó fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ìfisórí kò sì ní ju wákàtí kan sí méjì lọ lórí SSD. Lórí dísíìkì àtijọ́ tó ń yí ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ń jẹ 100 W sí 150 W ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Tí fíríìjì àti fáànù bá tún wà lórí ínfátà kan náà, ẹ yọ wọ́n kúrò fún ọjọ́ yẹn, kí ẹ sọ fún àwọn ará ilé ṣáájú kí ìjà má bàa dé.

Ẹni tó jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ló ní, ẹ rọ epo kún un kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá mú iná dé láàárín, ẹ má sáré lọ yí i padà. Ìṣẹ́jú àáyá kan tí iná fi máa ń lọ tó sì máa ń dé nígbà tí a bá ń yí i ti tó láti pa kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì. UPS kékeré (bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró fún ìgbà díẹ̀ tí iná bá lọ) ló ń gba ènìyàn lọ́wọ́ èyí.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká ní UPS tirẹ̀ nínú, tí bátìrì bá ṣì wà láàyè. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:

cat /sys/class/power_supply/BAT0/capacity

Lẹ́yìn náà ẹ yọ wáyà iná kúrò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún un tẹ̀. Bí 100 bá ti já sí 40, bátìrì yẹn kò lè gbà yín. Ẹ sì wò ó bóyá ẹ̀rọ máa ń sùn tí ẹ bá pa ideri rẹ̀ dé, nínú /etc/systemd/logind.conf, HandleLidSwitch=ignore ni ẹ fẹ́ rí.

Ní àsìkò òjò, bí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú, ẹ jẹ́ kí ó di ọjọ́ mìíràn. Ààrá ti sun ráútà púpọ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa yìí. Iná tó dé pẹ̀lú agbára òjijì náà kò kéré, ẹ fi sìtẹ́bíláísà sáàárín.

Ayàwòrán ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìgbà wo ló dára jù kí n ṣe é?

Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ Iléyá. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ẹ sì mọ iye fọ́tò tó máa ń wọlé lọ́jọ́ yẹn: àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn ẹlẹ́ṣin, ìdílé tó fẹ́ gba tiwọn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ẹ̀rọ tí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wà lórí rẹ̀ kò yẹ ní ṣíṣí sílẹ̀ ní irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oṣù Kejìlá tí ìgbéyàwó pọ̀ sí náà kò dára. Ẹ wá ọjọ́ Ajé kan tí oníbàárà kò pọ̀, kí ẹ sì fi odindi ọjọ́ náà sílẹ̀ fún un.

Bákọ́ọ̀pù wo ló pọn dandan?

Èyí ni mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò. Debian kò ní ọ̀nà àtipadà: láti 12 lọ sí 13 wà, láti 13 padà sí 12 kò sí. Bí nǹkan bá yíwọ́, bákọ́ọ̀pù nìkan ni ẹ̀yìn yín.

Ẹ kó /etc, /home, /srv, /root àti ibikíbi tí fọ́tò àti ìwé yín wà sórí dísíìkì tí kò sí nínú ẹ̀rọ náà. Àṣẹ rsync -aHAX dára fún un, àmọ́ ext4 ni kí ó wà lórí dísíìkì tó ń gbà á; tó bá jẹ́ exFAT, orúkọ oní-fáìlì àti àṣẹ ìwọlé wọn máa sọnù, tar ni kí ẹ lò dípò. Ibi ìkódátà (database) kì í ṣe ohun tí a ń fi rsync kó nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Fún MariaDB, mariadb-dump --all-databases; fún PostgreSQL, pg_dumpall. Ẹ kọ orúkọ gbogbo páákéèjì tó wà lórí ẹ̀rọ sílẹ̀ pẹ̀lú:

dpkg --get-selections '*' > pakeeji.txt

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé dísíìkì yẹn lọ sára kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ ṣí fọ́tò mẹ́ta mẹ́rin nínú rẹ̀, kí ẹ ṣí ìwé kan. Ìgbà yẹn ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní bákọ́ọ̀pù. Kí ẹ tó tẹ àṣẹ ìgbéga, ẹ yọ dísíìkì náà kúrò lára sáfà, kí ẹ gbé e sí yàrá mìíràn.

Mo mọ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tó máa ń tẹ àkọsílẹ̀ ìdáwó sórí pépà ní òpin oṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ wà lórí sáfà. Àwọn kan ní àṣejù ni. Owó àwọn ìyálọ́jà ló wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ pátápátá.

Ẹ to àṣẹ náà fún mi ní ṣíṣẹ̀-ń-tẹ̀lé.

Ẹ wọlé gẹ́gẹ́ bíi root (aláṣẹ ẹ̀rọ náà), kí ẹ kọ́kọ́ tẹ tmux. Bí WiFi yín bá já tàbí tí fóònù tí ẹ fi wọlé bá kú, iṣẹ́ á máa lọ lẹ́yìn yín. Àṣẹ tmux attach lẹ máa fi padà débẹ̀.

Ẹ mú 12 dé ojú ìwọ̀n ná:

apt update
apt upgrade
apt-mark showhold
dpkg --audit

Àwọn méjì tó gbẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá dárúkọ páákéèjì, ẹ yanjú rẹ̀ kí ẹ tó lọ síwájú. Ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tún tàn án. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọ /etc/apt/sources.list.d, kí ẹ fi # dí gbogbo ìlà tí kì í ṣe ti Debian: Docker, Jellyfin, ohunkóhun tí ẹ gbà láti ìta. Ẹ ó ṣí wọn padà nígbà tí ẹ bá ti rí i pé àwọn náà ti ní ti trixie. Ẹ wá yí orúkọ padà:

sed -i 's/bookworm/trixie/g' /etc/apt/sources.list
apt update
apt full-upgrade --download-only

Ọjọ́ dáńlóòdù parí síbí. Láti ìsinsìnyí títí di ọjọ́ kejì, ẹ má fi páákéèjì tuntun kankan sórí ẹ̀rọ náà. Nígbà tí iná bá wá dúró:

apt upgrade --without-new-pkgs
apt full-upgrade

Àkọ́kọ́ ń gbé àwọn tó lè gòkè láìyọ ẹnikẹ́ni kúrò. Èkejì ló ń parí gbogbo rẹ̀. Kí ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀ ni fún èkejì, ẹ ka orúkọ àwọn páákéèjì tó fẹ́ yọ. Ẹ kà á dáadáa. Bí ẹ bá rí samba tàbí openssh-server (èyí tó ń jẹ́ kí ẹ fi SSH wọlé láti òkèèrè) nínú wọn, n ni ẹ máa tẹ̀.

Ó dúró, ó ń bi mí ní Y, I, N, O, D, Z. Kí ni mo máa tẹ̀?

Ohun tí ẹ máa rí rí báyìí:

*** logrotate.conf (Y/I/N/O/D/Z) [default=N] ?

Ó túmọ̀ sí pé ẹ ti fọwọ́ yín yí fáìlì yẹn padà nígbà kan, Debian 13 sì mú tuntun wá. Ẹ tẹ D. Á fi ìyàtọ̀ hàn yín: ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú - jẹ́ tiyín, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú + jẹ́ tuntun. Ẹ tẹ q láti padà. Bí tiyín bá ṣe pàtàkì, N. Tuntun á wà nípamọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìrù .dpkg-dist. Bí ẹ kò bá rántí pé ẹ yí nǹkan gidi padà níbẹ̀, Y. Tiyín àtijọ́ á di .dpkg-old. Kò sí èyí tó máa sọnù nínú méjèèjì, nítorí náà ẹ fi ara balẹ̀. Fún smb.conf àti sshd_config, èyí tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ dì mú, kí ẹ wá fi wọ́n wéra lọ́jọ́ kejì tí ojú yín bá ti walẹ̀.

Tí ó bá bèèrè bóyá kí òun tún àwọn iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ láìbéèrè, bẹ́ẹ̀ ni.

Iná lọ láàárín ìfisórí, ẹ̀rọ kú. Ṣé mo ti bà á jẹ́ nìyẹn?

Ó ṣeé ṣe dáadáa kí ó jẹ́ pé kò bàjẹ́. Ohun tí dpkg ń ṣe ni pé ó máa ń kọ ipò páákéèjì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe ń lọ, torí náà ó mọ ibi tó dé. Ẹ dúró kí iná dúró ná, kí ẹ má ṣe tàn án lórí iná tó ń ṣẹ́jú. Tí ó bá tàn dé ibi ìwọlé:

dpkg --configure -a
apt --fix-broken install
apt full-upgrade

Ní ṣíṣẹ̀-ń-tẹ̀lé yẹn. Bí àkọ́kọ́ bá pariwo àṣìṣe, ẹ lọ sí èkejì, kí ẹ tún padà sí àkọ́kọ́.

Tí kò bá tàn dé ibi ìwọlé, ẹ so ojú kọ̀ǹpútà àti kíbọ́ọ̀dù mọ́ ọn, kí ẹ yan "Advanced options" ní ojú GRUB, èyí tó kọ́kọ́ máa ń yọ tí ẹ̀rọ bá ń tàn. Kernel àtijọ́, 6.1, ṣì wà níbẹ̀. Ẹ yàn án, á gbé yín wọlé, ẹ ó sì tẹ àwọn àṣẹ òkè yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ yín pé kí ẹ má tẹ apt autoremove lọ́jọ́ ìgbéga: ẹ jẹ́ kí kernel 6.12 kọ́kọ́ tàn dáadáa ní ìgbà bíi mélòó kan.

Èkó ni mo ń gbé, sáfà wà nílé àwọn òbí mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣé mo lè ṣe é láti Èkó?

Ẹ lè ṣe ìdajì rẹ̀. Bákọ́ọ̀pù, yíyí sources.list padà àti dáńlóòdù, gbogbo rẹ̀ ṣeé ṣe láti ibikíbi. Ìfisórí ni mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ wálé fún. Ẹ óò ti fojú kan Bàbá àti Màmá pẹ̀lú.

Ìdí rẹ̀ rèé. Orúkọ tí Linux ń pe káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè yí padà lórí àwọn ẹ̀rọ kan lábẹ́ ẹ̀dà tuntun. Bí /etc/network/interfaces bá ń wá enp2s0, tí káàdì sì ti ń jẹ́ nǹkan mìíràn, ẹ̀rọ á tàn, iná ara rẹ̀ á máa ṣẹ́jú, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò ní lè bá a sọ̀rọ̀ láti ìta. Ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù á tẹ ip link, á rí orúkọ tuntun, á tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tó wà ní Èkó á máa pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù pé "kí lo rí níbẹ̀ báyìí?"

Ti VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí a fi ń wọlé láti òkèèrè, náà wà níbẹ̀. Àwọn tó ń gba WireGuard wọlé máa ń kọ net.ipv4.ip_forward=1 sínú /etc/sysctl.conf. Debian 13 kì í ka fáìlì yẹn mọ́ tó bá ń tàn. Ẹ gbé ìlà náà lọ sínú fáìlì kan ní /etc/sysctl.d, bíi /etc/sysctl.d/ile.conf, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ó bá wá di dandan kí ẹ ṣe é láti òkèèrè, ẹ rí i pé ẹ ti gba gbogbo àtúnṣe Debian 12 tán pátápátá, nítorí ìtúnṣe kan wà fún openssh-server ti bookworm tí kì í jẹ́ kí ó ti yín mọ́ta bí ìgbéga bá dúró lágbedeméjì. Ẹni tó ṣì ń lo kọ́kọ́rọ́ DSA fún SSH, ẹ ṣe ed25519 tuntun kí ó tó di ọjọ́ náà: OpenSSH tó wà nínú 13 kò mọ DSA rí mọ́. Kí ẹnì kan sì wà nílé tó mọ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ.

Ó ti parí. Kí ni kí n yẹ̀ wò?

cat /etc/debian_version gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 13, uname -r pẹ̀lú 6.12. Ẹ tẹ systemctl --failed. Òfo ni ẹ fẹ́. Ẹ mú fóònù Màmá, kí ẹ ṣí fọ́tò kan láti orí rẹ̀. Ìdánwò yẹn sàn ju àwọn tó kù lọ, torí òun ni iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà wà fún.

Ibi ìkódátà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. MariaDB ti kúrò ní 10.11 bọ́ sí 11.8, ó sì máa ń tún ara rẹ̀ ṣe, tí ó bá jẹ́ pé ó kú ní wọ́ọ́rọ́wọ́ kí ìgbéga tó dé bá a. PostgreSQL kì í ṣe bẹ́ẹ̀: 17 á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ 15, dátà yín á sì ṣì wà nínú 15. Ẹ tẹ pg_lsclusters kí ẹ rí i. pg_upgradecluster ló ń kó wọn kọjá, ẹ ka ìwé rẹ̀ kí ẹ tó lò ó. PHP, èdè tí Nextcloud (ètò ìpín fáìlì) fi ń ṣiṣẹ́, ti di 8.4. Nextcloud àtijọ́ kò ní gbà á, ojú ewé rẹ̀ á kọ̀ láti ṣí. Nextcloud ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé ga nígbà tí ẹ ṣì wà lórí 12.

Ohun kan tún wà tó ń dààmú ẹni tí RAM rẹ̀ kéré. Inú RAM ni /tmp, ibi tí ètò ń kó fáìlì ìgbà díẹ̀ sí, wà báyìí, ó sì lè gbà tó ìdajì rẹ̀. Lórí ẹ̀rọ 2 GB, ayàwòrán tó ń fi ètò kan yí fídíò padà nínú /tmp á rí i pé àyè tán kíákíá. Láti dá a padà sórí dísíìkì:

systemctl mask tmp.mount

kí ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ tún tàn án.

Ṣé Docker mi máa kú?

Ohun tó wà nínú àwọn kọ̀ńténà kò mọ̀ pé nǹkan yí padà nísàlẹ̀ wọn. Docker fúnra rẹ̀ nìkan ni kí ẹ ṣí ibùdó rẹ̀ padà fún trixie, kí ẹ sì gbà á ní tuntun.

Raspberry Pi ni tèmi. Ubuntu ni tèmi.

Fún Raspberry Pi OS, àwọn tó ń ṣe é gbà wá níyànjú pé ká kọ ẹ̀dà tuntun sórí káàdì SD mìíràn, ká má gbé ti àtijọ́ ga. Mo fara mọ́ ọn: káàdì kan kò wọ́n, ti àtijọ́ á sì wà nínú àpótí bí bákọ́ọ̀pù. Fún Ubuntu, do-release-upgrade ni àṣẹ rẹ̀, láti LTS kan (níbí, ẹ̀dà tí wọ́n ń tọ́jú pẹ́) sí LTS tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ iná, dátà àti bákọ́ọ̀pù tó wà lókè yìí kan yín bákan náà, àmọ́ ẹ má lo àṣẹ Debian lórí Ubuntu.

Ìgbà wo ni mo lè wá tẹ autoremove?

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo nǹkan ti ń lọ déédéé, tí ẹ̀rọ sì ti kú tó tún tàn láìsí ìpè kankan láti ilé. apt autoremove á yọ àwọn tí kò níṣẹ́ mọ́, apt clean á kó páákéèjì tí ẹ dáńlóòdù kúrò kí àyè lè ṣí. apt modernize-sources á sọ sources.list yín di irú tuntun tí Debian ń lò báyìí. Tí 15 bá ṣì wà nínú pg_lsclusters, ẹ má fọwọ́ kàn án títí ẹ óò fi dá yín lójú pé dátà yín wà nínú 17.